Ìdí Àkàbà

Ọmọ àbúrò mi ya àkàbà náà dáadáa. Ó ya òpó rẹ̀ méjèèjì, ó ya ìdábùú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo kà wọ́n, mọ́kànlá ni. Ó ya ọkùnrin kan sórí rẹ̀, ó dé e ní fìlà, ó fún un ní garawa ọ̀dà gbé. Ògiri wà lápá kan, ògiri ní fèrèsé, fèrèsé ní kọ́tìnnì. Abẹ́ gbogbo iṣẹ́ ọnà yìí ló kọ ìdáhùn sí: 16. Bírò pupa olùkọ́ rẹ̀ ti gba orí rẹ̀ kọjá, díẹ̀ ló kù kó ya ìwé.

Ìbéèrè náà kò ju ìlà méjì lọ, ní Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó ń wí ni pé wọ́n gbé àkàbà tó gùn ní mítà 10 ti ògiri; ìdí àkàbà jìnnà sí ìdí ògiri ní mítà 6; níbo ni orí àkàbà ga dé lára ògiri? Ọmọ rí 10, ó rí 6, ó rò wọ́n pọ̀. Mo ti ya ẹnu láti bá a wí kí ojú mi tó padà sórí àwòrán yẹn. Àkàbà tó yà kò kan ògiri rárá. Ó dá dúró ṣánṣán láàárín àgbàlá, ó sì tín-ín-rín bí ọwọ̀n ìgbálẹ̀.

Mo ní, "Kí ló dé tí àkàbà tìrẹ fi rí tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí?"

Ó ní, "Tonton, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ní ó lean."

Ìtumọ̀ méjì ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn ní. Èyí tí ọmọ mọ̀ ni ti ẹran tí kò lọ́ràá, ti èèyàn tó rù. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún un pé ó tún lè jẹ́ kí nǹkan fara ti nǹkan. Foot àkàbà, tí í ṣe ìdí rẹ̀, ńkọ́? Ó ní òun rò pé wọ́n fẹ́ kí òun sọ fóòtù di mítà ni, òun kò kàn mọ iye fóòtù tó wà nínú mítà kan, ni òun ṣe fò ó. Ìgbà náà ni mo wá rí i pé àwòrán yẹn kò purọ́. Ohun tí ọmọ kà ló yà: àkàbà kan tó rù, tó dá dúró, tí ẹnikẹ́ni kò gbé ti nǹkan kan. Bí ohun tó wà lọ́kàn èèyàn bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni yóò fi 10 àti 6 ṣe bí kò ṣe kó rò wọ́n pọ̀?

Ní Èjìgbò, kì í ṣe ohun tuntun kí ọmọ ti Àbíjàn dé. Ó ti tó ìran mélòó kan tí àwọn ará ìlú wa ti ń lọ sí Côte d'Ivoire lọ ṣòwò. Bọ́ọ̀sì ń gbéra níhìn-ín, yóò gba Kútọnu, yóò gba Lomé, yóò gba Àkrà, ó di Àbíjàn. Bí ẹ bá jókòó sí ọjà wa fún wákàtí kan, ẹ ó gbọ́ Faransé láàárín Yorùbá, kò sì sí ẹni tí yóò wẹ̀yìn wo ẹni tó sọ ọ́. Púpọ̀ nínú àwọn ilé tuntun ìlú yìí, owó sẹ́fà ló kọ́ wọn. Ọmọ tí mò ń wí yìí sọ Yorùbá nílé, ó ka alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Faransé, wọ́n wá dá a padà wálé kó wá bẹ̀rẹ̀ girama ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé. Tonton tó ń pè mí, bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá lọ́hùn-ún nìyẹn. Ó ti mọ́ mi lára.

Mo ti ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní, "Gbọ́. Wọ́n gbé àkàbà ti ògiri." N kò tíì panu dé tó fi mú rúlà rẹ̀, ó gbé e ti agolo mílíìkì tó wà lórí tábìlì. "Báyìí?" Báyìí ni. "Ìdí rẹ̀ wá jìnnà díẹ̀ sí ìdí ògiri." Ó fa ìdí rúlà sẹ́yìn, orí rúlà sọ̀kalẹ̀ lára agolo. Ó tì í síwájú, orí gòkè. Ó tún fà á, ó tún tì í, bí ẹ̀ẹ̀mẹrin, kò fọhùn. Èmi náà dákẹ́, mò ń wò ó. Ohun tí ìlà méjì Gẹ̀ẹ́sì kò rí gbé wọlé, ọ̀rọ̀ kékeré kan péré, "ti", ló gbé e wọlé.

Ẹ má rò pé mò ń fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe yẹ̀yẹ́ o. Nígbà tí èmi náà wà ní girama, bí olùkọ́ ìṣirò wa bá ya onígun mẹ́ta sójú pátákó, apá ọ̀tún nísàlẹ̀ ni igun tí wọ́n ń pè ní right angle máa ń wà, lójoojúmọ́ ayé. Mo sì mọ̀ pé right ni ọ̀tún. Ìyẹn tó mi. Ọjọ́ tí ìdánwò gbé igun yẹn sí apá òsì lókè, mo wò ó títí, mo kọ ọ́ sílẹ̀ tìgboyàtìgboyà pé onígun mẹ́ta yìí kò ní right angle. Left angle ló ní. Olùkọ́ ka tèmi sókè fún gbogbo kíláàsì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tún ìṣirò WAEC ṣe kí n tó bọ́, mo sì fi ìyókù iṣẹ́ mi kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá, níbi tí ọ̀tún ti jẹ́ ọ̀tún. Ó pẹ́ gan-an kí n tó kà á níbì kan pé inú Látìn ni wọ́n ti tú right angle yẹn wá, pé ohun tó nàró gbọnran ni wọ́n ń sọ, kò kan ọwọ́ tí a fi ń jẹun. Mo bi ọmọ yìí léèrè bí wọ́n ṣe ń pè é ní Faransé. Angle droit. Ọ̀tún ńkọ́? À droite. Òyìnbó méjèèjì ta kókó kan náà sójú ọ̀nà, wọ́n sì fi sílẹ̀ fún ọmọ wa láti kọsẹ̀ lára rẹ̀.

Lọ́dún 1977, Anne Newman, ará Ọsirélíà, gbé ọ̀nà kan jáde tí olùkọ́ lè fi mọ ibi tí ọmọ ti ṣubú nínú irú ìbéèrè báyìí. Yóò ní kí ọmọ ka ìbéèrè sókè. Yóò ní kó sọ ohun tí wọ́n ń béèrè. Yóò ní kó sọ ọ̀nà tó fẹ́ gbà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni yóò tó ní kó ṣe ìṣirò rẹ̀, kó wá kọ ìdáhùn. Ohun tó jáde níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ ti ṣubú kí wọ́n tó débi ìṣirò rárá. Bírò pupa kì í sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni. 16 ló rí, 16 ló fagi lé.

Agbárí náà sì níba. George Miller, onímọ̀ ìrònú ọmọnìyàn ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ ní 1956 pé nǹkan bíi méje ni èèyàn lè gbé sọ́kàn lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ní méje ti pọ̀ jù, pé bíi mẹ́rin ni. Ẹ fojú inú wo alábàárù tó ti ru àpò méjì, tí oníbàárà tún ń sọ fún un pé kó bá òun gbé adìẹ dání. Ọmọ tó ń tú Gẹ̀ẹ́sì sí Faransé, tó tún ń tú u sí Yorùbá kó tó yé e, ẹrù ti kún orí rẹ̀ kí àkàbà tó dé. Ọwọ́ wo ni yóò fi gbé e?

Bí ẹrù bá wọ ọmọ lọ́rùn, yóò sọ ìtumọ̀ sílẹ̀, yóò di nọ́ńbà mú. Ní nǹkan bí ọdún 1980, àwọn olùwádìí kan ní Grenoble, ní ilẹ̀ Faransé, bi àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ léèrè pé: àgùntàn 26 àti ewúrẹ́ 10 wà nínú ọkọ̀ ojú omi kan, ọmọ ọdún mélòó ni ọ̀gá ọkọ̀ náà? Nínú ọmọ 97, àwọn 76 ni wọ́n fi nọ́ńbà àgùntàn àti ti ewúrẹ́ wá ọjọ́ orí fún ọ̀gá ọkọ̀. Faransé ni wọ́n fi bi wọ́n o, èdè ìyá àwọn ọmọ yẹn. Mo sọ ìtàn yìí fún ọmọ àbúrò mi. Ó rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó ronú díẹ̀, ó ní, "Ṣùgbọ́n Tonton, ẹni ọdún 36 lè wa ọkọ̀ o."

Ọ̀rọ̀ èdè yìí, a kò lè sọ pé wọn kò tíì dán an wò nítòsí wa. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé ẹ̀kọ́ St Stephen's 'A' ní Mọdákẹ́kẹ́, nínú ìpínlẹ̀ tí à ń pè ní Ọ̀ṣun lónìí. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, láti kíláàsì kìíní títí dé kẹfà. Gẹ̀ẹ́sì dá dúró gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tirẹ̀. Ọ̀wọ́ ọmọ kejì fi Yorùbá bẹ̀rẹ̀, wọ́n ṣí wọn sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, bí gbogbo ayé ti ń ṣe nígbà náà. Wọ́n kọ ìwé tuntun, wọ́n ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun. Nígbà tí wọ́n wọ̀n wọ́n, àwọn ọmọ Yorùbá látòkèdélẹ̀ ló ta yọ, títí kan inú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ní 2022 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé èdè abínibí ni kí a fi kọ́ ọmọ jálẹ̀ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2025 wọ́n wọ́gi lé e. Àwọn tó wọ́gi lé e ní ìdí tí wọ́n sọ. Èmi ti rí rúlà lára agolo mílíìkì, n kò ní jiyàn pẹ̀lú ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n kí n sọ òótọ́ inú mi: bí a bá sọ gbogbo rẹ̀ di Yorùbá lọ́la, a kò tíì gun àkàbà yẹn tán. Lẹ́yìn tí ọmọ ti mọ ohun tí wọ́n ń wí, mo ní kó tún un yà. Ó yà á. Àkàbà fara ti ògiri báyìí, ó wuyì. Ọkùnrin wa sì wà lórí rẹ̀ síbẹ̀, fìlà rẹ̀ tóbi sí i, fèrèsé ti ṣí. Ọmọ bi mí bóyá olè ni. Ó bi mí bóyá àkàbà kò ní ṣẹ́, nítorí ọkùnrin náà sanra. Ìlà mẹ́ta tó yẹ kó rí, ògiri, ilẹ̀ àti àkàbà, wà níbẹ̀ lójú rẹ̀ kedere, aṣọ ló bò wọ́n. Ní 1999, Mary Hegarty àti Maria Kozhevnikov kọ ìwádìí kan nípa àwọn ọmọ tó ń ṣe ìṣirò tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ gbé kalẹ̀. Wọ́n ní àwọn tó ń rí àwòrán ẹlẹ́wà lọ́kàn, igi pẹ̀lú ewé, èèyàn pẹ̀lú bàtà, kì í ṣe dáadáa. Àwọn tó ń rí egungun ọ̀rọ̀ náà nìkan, ta ló jìnnà sí ta, kí ló ga ju kí lọ, ni wọ́n ń gbà á. Mò ń ka ìyẹn lọ, mò ń rántí garawa ọ̀dà.

Bàbá ọmọ yìí ń kọ́lé lọ́nà Màsífà, èmi ni mò ń bá a ṣọ́ ọ. Ní ọ̀sẹ̀ tí ọ̀rọ̀ àkàbà ń jà rànyìn nílé, bíríkìlà ń ta okùn ìpìlẹ̀ bọ́ìsì kúọ́tà tí yóò wà lẹ́yìn ilé ńlá. Mo mú ọmọ dání. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé: wọ́n kan èèkàn mọ́ ibi tí igun ilé yóò wà, wọ́n ta okùn méjì láti ibẹ̀, ọ̀kan sí iwájú, ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́. Bíríkìlà fi téèpù wọn fóòtù mẹ́ta lórí okùn kìíní, ó fi ẹfun sàmì síbẹ̀. Ó wọn mẹ́rin lórí èkejì, ó sàmì. Ó wá na téèpù láti àmì dé àmì. Bí kò bá pé márùn-ún géérégé, a jẹ́ pé igun náà kò tíì síkúẹ̀, ọmọṣẹ́ yóò máa sún èèkàn díẹ̀díẹ̀, ọ̀gá yóò máa pariwo, "Wá sí i! Wá sí i! Padà! Ó tó." Ṣíríì-fọ́ọ̀-fáìfù ni wọ́n ń pè é. Ọ̀gá yìí kò gbọ́ orúkọ Pythagoras tí ilé ìwé fi ń pe òfin yìí rí, igun ilé rẹ̀ kò sì wọ́ rí.

Inú mi wá ń dùn. Mo ní kí n ka ìbéèrè ọmọ fún un, ní Yorùbá, kí ọmọ rí i bí àgbà ṣe ń gbà á. Mo kà á.

Ó ní, "Tíṣà, àkàbà mítà mẹ́wàá? Ta ló ní in l'Éjìgbò? Àwọn oníná?"

Mo ní ká ṣáà sọ pé ó wà.

"Wọ́n wá gbé ìdí ẹ̀ jáde tó mítà mẹ́fà. Ó máa yọ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gùn ún o, ẹni tó bá wà lórí ẹ̀ á fọ́ wẹ́wẹ́."

Òótọ́ sì ni! Kò sí oníṣẹ́ tí orí rẹ̀ pé tí yóò gbé àkàbà dàgẹ̀rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo wa tí a ti ka ìbéèrè náà, ẹni tó kọ ọ́, olùkọ́, ọmọ, èmi, òun nìkan ló ro ti ẹni tó wà lókè. Máàkì rẹ̀ ì bá sì jẹ́ òdo.

Ó rán mi létí Alexander Luria, ará Rọ́ṣíà tó lọ sí abúlé Uzbekistan ní 1931 àti 1932 láti wo bí àwọn àgbẹ̀ tí kò kàwé ṣe ń ronú. Ó ya róbótó, ó ya onígun mẹ́ta, ó ní kí ni wọ̀nyí? Wọn kò pè wọ́n ní róbótó. Wọ́n ní àwo ni, asẹ́ ni, òṣùpá ni. Onígun mẹ́ta, wọ́n ní tírà ni, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ ara. Àwọn kan ti fi ìwé Luria bú aláìkàwé pé kò lè ronú. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Níbi tí kò jìnnà, ní Côte d'Ivoire kan náà tí àwọn èèyàn wa ń lọ yìí, àwọn olùwádìí bíi Herbert Ginsburg àti Jill Posner wo àwọn ọmọ Jùlá oníṣòwò ní nǹkan bí 1980, wọ́n sì rí ìṣirò orí tó jinlẹ̀ lọ́dọ̀ ọmọ tí kò jókòó sí kíláàsì rí. Ọgbọ́n wà níbẹ̀. Ohun tí ilé ìwé ń béèrè ni pé kí o gba ohun tí wọ́n sọ gbọ́, kí o má fi tìrẹ kún un, kí o sì má béèrè ẹni tó ni àkàbà. Eré kan ni. Ẹni tí wọn kò sọ òfin eré fún, báwo ni yóò ṣe ta á?

Ó yà mí lẹ́nu pé a ti ń ta irú eré yìí lálẹ́ nígbà tí a wà lọ́mọdé, a kàn ń pè é ní àlọ́ àpamọ̀ ni. Ẹni tó pa á yóò gbé aṣọ èèyàn wọ nǹkan tí kì í ṣe èèyàn. Yóò sọ ọ́ di ọba, yóò sọ ọ́ di ìyàwó. Ọmọ tí kò bá rí ọba náà lójú inú rẹ̀ rárá kò ní gba àlọ́ yẹn. Ọmọ tó bá sì ń béèrè pé ọba ìlú wo ni, bàbá rẹ̀ ńkọ́, kò ní gbà á láyé. O ní láti rí ọba kedere, kí o sì bọ́ adé lórí rẹ̀ kíá. Olùkọ́ ìṣirò kan kò sọ fún mi rí pé iṣẹ́ kan náà ni.

Bíríkìlà ti padà sídìí okùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ kò jẹ́ kó simi. Ó ní àwọn lè dán an wò ní fóòtù. Àkàbà kan wà nílẹ̀ níbẹ̀, pákó tí wọ́n fi ìṣó kàn. Ọ̀gá wọ̀n ọ́n, fóòtù mẹ́wàá. Wọ́n gbé e ti ògiri ilé ńlá tó ti ga dé lẹ́ńtùrù. Wọ́n fa ìdí rẹ̀ sẹ́yìn dé fóòtù mẹ́fà, ọmọṣẹ́ kan fi ẹsẹ̀ méjèèjì dí i kó má baà yọ̀. Ọmọ jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, ó fi ẹfun ya ìlà mẹ́ta sórí búlọ́ọ̀kù kejì. Kò sí ọkùnrin, kò sí fìlà. Ó kọ 100, ìyẹn 10 lọ́nà 10, ó yọ 36, ìyẹn 6 lọ́nà 6, kúrò, ó ku 64. Kó tó dé ìdí rẹ̀, ọ̀gá tó fà sẹ́yìn tó ń wo àkàbà láti ẹ̀gbẹ́ ti ń rẹ́rìn-ín.

"Tíṣà, ṣebí ṣíríì-fọ́ọ̀-fáìfù tó dìde dúró nìyí! Six-eight-ten. Mẹ́jọ ni."

"Mẹ́jọ ni," ọmọ náà wí, ó gbé búlọ́ọ̀kù rẹ̀ sókè kí a rí i.

Ọ̀gá na téèpù láti ilẹ̀ dé ibi tí orí àkàbà ti kan ògiri. Ó wò ó. Ó tún un wọ̀n. Fóòtù mẹ́jọ ló yẹ, íńṣì méjì kò jẹ́ kó pé. Ọ̀gá ní ilẹ̀ ibẹ̀ ni kò tẹ́jú, àwọn ọmọ òun kò rọ́ ọ dáadáa. Mo ní téèpù yín ti gbó, ẹ wo ẹnu ẹ̀. A wà lórí ìyẹn, ohùn wa ti ń lọ sókè díẹ̀, nígbà tí mo wẹ̀yìn tí n kò rí ọmọ. Ó ti lọ lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ọmọṣẹ́, ó tẹ orí wálẹ̀ tí etí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan yanrìn, ó ń fi ìka tọ́ ìsàlẹ̀ pákó tó nípọn tó ìwọ̀n ìka mẹ́rin.

"Tonton," ó ní, "ibo gan-an ni ìdí rẹ̀? Ṣé iwájú níbí ni, àbí ẹ̀yìn?"